Ọpọ́n Ayò Nínú Kọ̀ǹpútà: Òfin Ta Ni A Ó Kọ Sí I?

Ẹni tí ó bá gba àárín ìlú Issaba kọjá ní ìrọ̀lẹ́, tàbí tí ó bá dúró díẹ̀ ní Pobè àti ní Sakété níbi tí àwọn àgbà ti ń najú lábẹ́ igi, kò ní í pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ìró ọmọ ayò nínú ọpọ́n. Ilé méjìlá ni, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún. Ọmọ ayò 48 ni, mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Àwa ń pè é ní ayò, àwọn Fọ̀n ń pè é ní adji, àwọn ará Gánà ń pè é ní oware, nínú ìwé Faransé ẹ̀wẹ̀, awalé ni a sábà máa ń rí. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú kọjá òkun gbé e dé erékùṣù Antigua, níbi tí wọ́n ti ń ta á títí di òní olónìí tí wọ́n sì ń pè é ní warri.

Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ kan wà tí àwọn olùkọ́ fẹ́ràn láti gbé fún akẹ́kọ̀ọ́: kọ eré orí ọpọ́n tí ènìyàn méjì lè jọ ṣe, má lo àwòrán, kí ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà nìkan ni yóò máa hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó fi iṣẹ́ náà kọ́ ni ọgbọ́n tí àwọn tí ó kàwé ní èdè Faransé mọ̀ sí programmation orientée objet, èyí tí a lè túmọ̀ sí kíkọ ètò lọ́nà tí ohun kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ yóò fi ní ìwà tirẹ̀ àti iṣẹ́ tirẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, morpion, dames tàbí échecs ni olùkọ́ máa ń yàn. Kò burú. Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, kò sì sí eré tí ó bá iṣẹ́ náà mu tó ayò, lójú tèmi. Nínú échecs, irú ọmọ mẹ́fà ni ó wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bí ó ṣe ń rìn. Nínú ayò, ọmọ gbogbo dọ́gba. Iye ni ó ṣe pàtàkì. Ohun tí ó bá sì jẹ́ iye, nọ́ńbà lásán ti tó láti fi í hàn. Kò sí ọ̀rọ̀ oríire bí ti lúdò, kò sí ohun tí ẹnìkan fi pamọ́ fún ẹnìkejì. Ohun gbogbo wà lójú ọpọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má ṣe rò pé àwa ni a kọ́kọ́ ronú kan èyí. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn ará òkè òkun ti gbé eré tiwa wọ inú kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n ṣe gbé e ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní ọdún 1973, David Ahl, ará Amẹ́ríkà kan tí ó ń bá ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation ṣiṣẹ́, kó eré jọ sínú ìwé kan tí ó pè ní 101 BASIC Computer Games. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ni gbogbo eré náà. Ẹni tí ó bá ra ìwé yóò jókòó, yóò máa tẹ ètò náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rọ kí ó tó lè ṣeré. Ọ̀kan lára wọn ni wọ́n pè ní Awari, wọ́n sì sọ fún òǹkàwé pé eré àtayébáyé ilẹ̀ Áfíríkà ni. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀ jáde ní 1978 fún àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tí ènìyàn lè gbé sílé, ó tà ju mílíọ̀nù kan ẹ̀dà lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù ni ó ti tẹ Awari sínú ẹ̀rọ ṣáájú kí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wọ abúlé wa.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n tẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni ó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan nínú Awari yẹn, èyí tí ó jẹ́ 36 lápapọ̀. Olúkúlùkù ní ilé ńlá kan ní ìpẹ̀kun ọpọ́n tí ó ń kó èrè rẹ̀ sí, bí ó bá sì ń pín ọmọ lọ, yóò sọ ọ̀kan sínú ilé ńlá náà bí ó ti ń kọjá. Bí ọmọ tí ó kẹ́yìn bá bọ́ sínú ilé ńlá yẹn, ẹni náà tún ta lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá bọ́ sínú ilé òfìfo, ó kó ohun tí ó wà ní òdìkejì. Ẹ gbé òfin yìí lọ bá àgbà kan tí ó ń ta ayò ní Issaba, kí ẹ sì bi í pé ayò ha nìyí. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò dá yín lóhùn. Eré tí ó ní òfin wọ̀nyí ní orúkọ tirẹ̀: Kalah. Ará Amẹ́ríkà kan, William Julius Champion, ni ó gbé e kalẹ̀ ní 1940 lẹ́yìn tí ó ti mọ̀ nípa irú àwọn eré báyìí. Orúkọ Áfíríkà ni wọ́n kọ sí ojú ìwé, òfin Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ.

Èmi kò sọ pé ẹni tí ó kọ ọ́ ní èrò ibi. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ohun tí ó rí ni ó kọ. Ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí ìtàn ẹnu. Bí àgbà kan bá ṣi òfin sọ lábẹ́ igi, àwọn tí ó jókòó tì í yóò tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, wọn yóò tilẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ di ọjọ́ kejì. Bí ètò kọ̀ǹpútà bá ṣi òfin sọ, ẹ̀rọ kò ní í gbà fún ẹnikẹ́ni láti ta á lọ́nà mìíràn, àwọn tí ó ń kọ́ ayò láti inú rẹ̀ kò sì ní í mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ó wà ní Cotonou tàbí ní Paris, orí fóònù ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ọpọ́n ayò, kì í ṣe ní ẹsẹ̀ bàbá àgbà wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó ń kọ ètò ayò ń ṣe iṣẹ́ tí ó ju iṣẹ́ àṣetiléwá lọ.

Ohun kan tún wà nínú Awari ti 1973 tí ó yẹ kí ọ̀dọ́ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ yìí wò dáadáa. Ọpọ́n inú rẹ̀ kò ju àtẹ nọ́ńbà kan lọ, láti 0 dé 13. Nọ́ńbà 6 ni ilé ńlá ti ènìyàn, nọ́ńbà 13 ni ti ẹ̀rọ. Àwọn 6 àti 13 yìí sì fọ́n káàkiri inú ètò náà. Níbi tí a ti ń pín ọmọ, wọ́n wà níbẹ̀. Níbi tí a ti ń kó èrè, wọ́n wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sọ eré náà di ayò gidi, ẹ ó wá gbogbo ibi wọ̀nyẹn kiri ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbójú fo ẹyọ kan, eré bàjẹ́. Kì í ṣe ẹ̀bi òǹkọ̀wé: èdè BASIC ìgbà náà kò fún un ní ohun tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ó sàn jù ti wà nígbà náà, ṣùgbọ́n ní Norway ni. Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard, ní ìlú Oslo, ni ó ṣe èdè Simula ní àwọn ọdún 1960, èyí tí wọ́n parí ẹ̀dà rẹ̀ tí ó lókìkí ní 1967. Eré kọ́ ni wọ́n ń wá. Wọ́n fẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè ṣe àfarawé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láyé, bí àpẹẹrẹ bí àwọn ènìyàn ṣe ń tò sórí ìlà tàbí bí ọjà ṣe ń rìn láti ibì kan dé ibì kejì. Wọ́n rí i pé ó rọrùn jù kí ohun kọ̀ọ̀kan tí ó wà láyé ní ohun kan tí ó dúró fún un nínú ètò. Lẹ́yìn wọn ni Alan Kay, ará Amẹ́ríkà, fún ọgbọ́n náà ní orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ṣe èdè Smalltalk ní àwọn ọdún 1970. Ó fi àwọn ohun inú ètò wé sẹ́ẹ̀lì inú ara: ọ̀kọ̀ọ̀kan pa inú ara rẹ̀ mọ́, wọ́n ń ránṣẹ́ sí ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọpọ́n. Ẹni tí ó bá mọ ayò ti ní àwọn ohun rẹ̀ lẹ́nu kí ó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà: ọpọ́n, ilé, ọmọ, òfin, àti àwọn aláyò méjì. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ ni pé, kí ni iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ilé mọ iye ọmọ tí ó wà nínú rẹ̀. A lè kó gbogbo rẹ̀ kúrò, a sì lè fi ẹyọ kan kún un. Iṣẹ́ rẹ̀ parí síbẹ̀. Kò yẹ kí ilé mọ ẹni tí ó kàn láti ta, kò yẹ kí ó mọ bí a ṣe ń jẹ. Nínú èdè Python, èyí ni ohun tí a ó kọ:

class Ilé:
    def __init__(self):
        self.ọmọ = 4

    def kó(self):
        iye = self.ọmọ
        self.ọmọ = 0
        return iye

    def gbà(self):
        self.ọmọ = self.ọmọ + 1

Ọ̀rọ̀ náà class, tí àwọn Faransé ń pè ní classe, kì í ṣe ilé kan pàtó. Ó dà bí ẹ̀rọ tí a fi ń yọ bíríkì: a ṣe é lẹ́ẹ̀kan, a fi yọ ilé méjìlá. Ọ̀rọ̀ náà self ni ọ̀nà tí ilé kọ̀ọ̀kan ń gbà sọ pé “èmi fúnra mi”. Ẹ sì kíyè sí i pé Yorùbá ni a fi sọ ilé, ọmọ, kó àti gbà lórúkọ, pẹ̀lú àmì wọn. Èyí kì í ṣe ìfẹ́ inú lásán. Láti ìgbà tí Python 3 ti jáde ní 2008 ni èdè náà ti gbà kí a lo lẹ́tà tí kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì nínú orúkọ àwọn ohun. Àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ó jẹ́ ti èdè náà gan-an, bí class, def àti return, ni kò ṣeé yí padà.

Ọpọ́n ni ó ni ilé méjìlá náà, òun ni ó sì mọ bí a ṣe ń pín ọmọ láti ilé dé ilé. Kọ̀ǹpútà ń ka ilé láti 0 dé 11. 0 dé 5 jẹ́ ti aláyò àkọ́kọ́, 6 dé 11 jẹ́ ti ẹnìkejì. Bí a ti dé 11, a padà sí 0.

    def pín(self, ibi):
        iye = self.ilé[ibi].kó()
        ojú = ibi
        while iye > 0:
            ojú = (ojú + 1) % 12
            if ojú != ibi:
                self.ilé[ojú].gbà()
                iye = iye - 1
        return ojú

Bí aláyò àkọ́kọ́ bá kó ilé rẹ̀ kẹta ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, ohun tí yóò hàn nìyí, ìlà òkè jẹ́ ti ẹnìkejì tí ó dojú kọ ọ́:

    4  4  4  4  4  5
    4  4  0  5  5  5

Ìlà tí ó sọ pé “if ojú != ibi” dà bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó ya ẹni tí ó mọ ayò sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó kà nípa rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá pọ̀ nínú ilé kan títí ó fi di odù, tí ó pé méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí ó bá kó o yóò yí ọpọ́n po. Bí ó bá dé ilé tí ó ti kó ọmọ náà, ó gbọ́dọ̀ fò ó. Ẹ wò ó báyìí: odù méjìlá wà nínú ilé 5, ilé 6 tí ó tẹ̀ lé e sì ṣófo. Bí ètò bá gbàgbé láti fò, ọmọ ìkẹyìn yóò padà sí ilé 5, aláyò kò ní í jẹ nǹkan kan. Bí ó bá fò ó bí ó ti yẹ, ọmọ ìkẹyìn yóò bọ́ sí ilé 6, ilé náà yóò di méjì, yóò sì jẹ ẹ́. Ọ̀ta ti ń kó odù jọ láti ìgbà pípẹ́ kí ó tó tú u lẹ́ẹ̀kan náà. Ètò tí kò mọ òfin yìí ti ba gbogbo ète rẹ̀ jẹ́. Irú àṣìṣe yìí kì í hàn ní kíákíá, nítorí pé ènìyàn lè ta eré mẹ́wàá láìjẹ́ pé odù kan pé.

Nítorí náà ni mo ṣe ń gba ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ ètò yìí níyànjú pé kí ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ka ọmọ ayò lẹ́yìn gbogbo títa. Iye tí ó wà nínú ọpọ́n, àti iye tí aláyò méjèèjì ti jẹ, àpapọ̀ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ 48 nígbà gbogbo. Bí ó bá di 47, ọmọ kan ti sọnù sínú ètò. Bí ó bá di 49, ètò ti bí ọmọ tí kò ní bàbá. Kò sí àyẹ̀wò tí ó rọrùn jù ú, ó sì máa ń tú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àṣìṣe fó.

A wá dé orí òfin, níbi tí Awari ti ṣìnà. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ àgbà fi ń ta ayò ni pé bí ọmọ ìkẹyìn bá bọ́ sí ilé alátakò, tí ilé náà sì di méjì tàbí mẹ́ta, a jẹ ẹ́. Bí ilé tí ó ṣáájú rẹ̀ ní ìhà alátakò náà bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, a jẹ ìyẹn pẹ̀lú, a ó máa padà sẹ́yìn títí a ó fi kan ilé tí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, ọmọ ìkẹyìn bọ́ sí ilé 9, ó di mẹ́ta. Ilé 8 ti di méjì. Ilé 7 ti di márùn-ún. Ọmọ márùn-ún ni aláyò jẹ, mẹ́ta pẹ̀lú méjì, ilé 7 sì dá a dúró. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jẹ 25 ti borí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ní jẹ́rin-jẹ́rin tiwọn, nínú èyí tí ilé tí ó bá pé mẹ́rin ni a ń jẹ. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ó jẹ́ pé bí ọmọ ìkẹyìn bá bọ́ sí ilé tí ọmọ wà, aláyò yóò kó gbogbo rẹ̀, yóò sì máa pín in lọ, títí yóò fi parí sí ilé òfìfo.

Èwo ni a ó kọ? Ẹni tí ó bá kọ òfin mọ́ inú ọpọ́n gẹ́gẹ́ bí ti 1973 ti yan ọ̀kan, ó sì ti pa ìyókù run. Ẹni tí ó bá fi Òfin ṣe ohun kan tí ó dá dúró kò ní láti yàn. Yóò kọ Òfin kan tí ó ní ohun tí gbogbo wọn jọ ní: ẹni tí ó kàn, ilé tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kó, ìgbà tí eré parí. Lẹ́yìn náà, yóò kọ Òfin Méjì-Mẹ́ta, Òfin Jẹ́rin, àti Òfin Àtúnkó, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jogún ohun tí Òfin àkọ́kọ́ ní, tí yóò sì yí ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan padà. Ogún gan-an ni wọ́n ń pè é nínú ìmọ̀ yìí, héritage ní èdè Faransé. Ọmọ jogún oko bàbá, ó gbin ohun tí ó wù ú sínú rẹ̀. Bí ẹnìkan láti Kétou bá wí lọ́la pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni àwọn ń ta á lọ́dọ̀ tiwọn, kò sí ìjà: ìlà bíi mẹ́wàá ni a ó kọ, Òfin tirẹ̀ yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa.

Àwọn aláyò náà ń jẹ àǹfààní irú ogún yìí. Ohun kan ṣoṣo ni ọpọ́n fẹ́ lọ́wọ́ aláyò: ilé wo ni o kó? Ènìyàn yóò fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà. Ẹ̀rọ yóò ṣírò. Ọpọ́n kò bìkítà bóyá ẹran ara ni ó dáhùn tàbí iná mànàmáná. Òpè ẹ̀rọ lè kàn mú ilé èyíkéyìí tí kò ṣófo. Èyí tí ó gbọ́n díẹ̀ yóò dán ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò lórí ẹ̀dà ọpọ́n kí ó tó mú èyí tí yóò jẹ jù.

Ibo ni ọgbọ́n ẹ̀rọ lè dé? Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal, onímọ̀ méjì ní yunifásítì Vrije Universiteit ní Amsterdam, so kọ̀ǹpútà pọ̀ títí wọ́n fi ní ọpọlọ ẹ̀rọ 144 tí ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Lábẹ́ òfin méjì-mẹ́ta, wọ́n ṣírò gbogbo ọ̀nà tí ọmọ ayò lè gbà tò sínú ọpọ́n nínú eré, èyí tí ó jẹ́ 889,063,398,406. Wákàtí 51 ni iṣẹ́ náà gbà. Àbọ̀ tí wọ́n mú wá ni pé bí aláyò méjèèjì kò bá ṣe àṣìṣe kankan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀mì ni eré yóò jẹ́, 24 sí 24. Àwọn kan sọ nígbà náà pé ayò ti kú. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí kò tíì jókòó ti ọpọ́n rí. Ọ̀ta kì í borí nítorí pé ó ti ṣírò bílíọ̀nù 889. Ó ń borí nítorí pé ó ń wo ojú ẹni tí ó dojú kọ ọ́, tí ó sì ń fi ẹnu bá a ta ayò náà títí ọkàn rẹ̀ yóò fi dàrú. (Ìlú Amsterdam yìí kan náà, ẹ jọ̀wọ́, ni Guido van Rossum ti kọ Python, tí ó sì gbé e jáde ní 1991.)

Ẹnu tí mo mẹ́nu kàn yìí ni ó kù nínú ètò wa, òun sì ni ó kan ìwé ìròyìn elédè méjì bí irú èyí jù lọ. Nínú ètò tí a kọ dáadáa, Ọpọ́n kì í sọ̀rọ̀, Òfin kì í sọ̀rọ̀. Ohun kan tí a lè pè ní Ẹnu ni yóò máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀: yóò ya ọpọ́n, yóò sọ ẹni tí ó kàn, yóò fi òpè ṣe ẹlẹ́yà bí ó ti yẹ. Bí Ẹnu bá dá dúró, a lè ní Ẹnu Faransé fún ọmọ tí ó wà ní Lyon, Ẹnu Yorùbá fún ọmọ tí ó wà ní Issaba, kí àwọn méjèèjì sì jọ ta ọpọ́n kan náà. A tilẹ̀ lè ní Ẹnu tí ó ń sọ ẹ̀ka-èdè Ìjè.

Níhìn-ín ni ìṣòro tí kò sí nínú ìwé àwọn òyìnbó ti ń bá wa. Ìṣòro kìíní ni àmì ohùn. Ẹ sọ fún Python pé kí ó ka lẹ́tà inú “Ọpọ́n”, yóò dáhùn pé márùn-ún ni, bẹ́ẹ̀ ojú rí mẹ́rin. Ìdí ni pé kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ọ tí ó ní àmì òkè lórí nínú ètò Unicode tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò. Ọ jẹ́ ọ̀kan, àmì òkè jẹ́ ọ̀kan. Nítorí náà, bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà fi àyè sílẹ̀ kí orúkọ aláyò méjì lè gùn bákan náà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ní àmì púpọ̀ yóò rí i pé ìlà tirẹ̀ wọ́. Oògùn rẹ̀ ni kí Ẹnu má ṣe ka àwọn àmì náà mọ́ lẹ́tà nígbà tí ó bá ń wọn gígùn ọ̀rọ̀. Oògùn tí kò dára ni kí a yọ àmì kúrò, èyí tí ọ̀pọ̀ ń ṣe. Nígbà tí Ẹnu bá kọ “oko” láìsí àmì, ta ni yóò mọ̀ bóyá oko ni, ọkọ ni, ọkọ̀ ni, tàbí ọkọ́?

Ìṣòro kejì jẹ́ ti àwa ará Benin gan-an. Láti 1975 ni orílẹ̀-èdè wa ti ní álífábẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ fún àwọn èdè ìbílẹ̀. Ohun tí àwọn ará Nàìjíríà kọ ní “ọpọ́n”, ní kíláàsì ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wa “ɔkpɔ́n” ni. Ní etí, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn kò bára tan rárá. Ẹni tí ó bá pe ohun kan ní Ọpọ́n ní òwúrọ̀, tí ó sì pè é ní Ɔkpɔ́n ní ìrọ̀lẹ́, ètò rẹ̀ yóò sọ pé òun kò mọ ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó jọ ń kọ ètò kan yan ọ̀kan fún inú ètò, kí wọ́n má sì yẹsẹ̀. Fún ohun tí òǹkàwé yóò rí, ẹ fi Ẹnu méjì sí i, ọ̀kan fún ìkọ̀wé ìhà ìhín ààlà, ọ̀kan fún ti ìhà ọ̀hún. Pobè àti Sakété kò jìnnà sí ààlà. Àwọn ẹbí wa wà ní ìhà méjèèjì, kò sì yẹ kí lẹ́tà méjì dí wọn lọ́wọ́ àtita ayò pọ̀.

Ẹnikẹ́ni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè ṣe gbogbo èyí lórí fóònù Android pẹ̀lú Pydroid 3, tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti gbà á sórí fóònù. Eré tí kò ní àwòrán kò wúwo, kì í jẹ iná bátìrì, fóònù àlòkù sì lè gbé e. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ jìnnà sí i lè wo ọ̀dọ̀ Institut de Formation et de Recherche en Informatique ní Yunifásítì Abomey-Calavi.

Kí ẹ tó kọ ìlà kan nínú Òfin, ẹ mú ìwé àti báírò lọ bá àwọn àgbà tí ń ta ayò ní àdúgbò yín, kí ẹ kí wọn, kí ẹ sì jókòó títí ọpọ́n kan yóò fi parí. Ẹ bi wọ́n léèrè pé, bí ènìyàn bá rí ọ̀nà láti jẹ gbogbo ọmọ tí ó wà ní ìhà ẹnìkejì lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́? Bí ìhà ẹnìkejì bá ṣófo, ṣé dandan ni kí n fún un ní ọmọ? Bí n kò bá ní èyí tí ó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ta ni ó ni ìyókù? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ abúlé, nítorí ó ṣeé ṣe kí abúlé méjì má fohùn ṣọ̀kan, Òfin méjì ni ẹ ó sì kọ nígbà náà.